Ṣé Eyín Híhù Ló Ń Fa Ìgbẹ́ Gbuuru àti Ara Gbígbóná Ọmọ Mi?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá. Ọmọ mi obìnrin pé oṣù méje lọ́sẹ̀ tó kọjá. Eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń yọjú, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn ló ti ń yàgbẹ́ gbuuru, ó ń tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí ẹ̀ẹ̀mẹfà lóòjọ́, ara rẹ̀ sì máa ń gbóná lálẹ́. Ìyá ọkọ mi ní ìgbẹ́ eyín ni, pé gbogbo ọmọ ilé yìí ló ṣe é, pé a kì í dá a dúró. Wọ́n ti pọn omi Ọ̀ṣun wá fún un, wọ́n sì fẹ́ se àgbo. Oníkẹ́míìsì àdúgbò wa ní kí n ra òògùn eyín. Ọkọ mi ní kí n ṣe sùúrù títí eyín náà yóò fi yọ tán. Ọkàn mi kò balẹ̀. Ṣé eyín ni lóòótọ́, àbí kí n gbé e lọ sí ọsibítù?" Ìyá ọmọ kan, Òṣogbo.

Ìyá ọmọ, mo kí yín, mo sì kí ọmọ wa. Kí n tó ṣàlàyé ohunkóhun, ẹ gbé ọmọ náà lé ẹsẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ wò ó dáadáa. Bí ojú rẹ̀ bá ti jìn wọnú, bí àwùjẹ̀ rẹ̀ bá ti wọlé, bó bá ń sunkún tí omijé kò jáde, bí páńpásì rẹ̀ bá ti gbẹ láti nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà, bí kò bá lè fa ọmú, bó bá ń bi gbogbo ohun tó bá gbé mì, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, bí gìrì bá ti gbé e, tàbí bó bá kàn ń sùn ṣáá tí kò fẹ́ lajú nígbà tí ẹ bá jí i, ẹ fi ìdáhùn yìí sílẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù nísinsìnyí, ì báà jẹ́ òru. Bí kò bá sí ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí, ẹ jókòó ká jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ìdáhùn mi ni pé eyín kọ́ ló ń mú ọmọ yín yàgbẹ́ bẹ́ẹ̀, eyín kọ́ ló sì ń mú ara rẹ̀ gbóná lálẹ́. Ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò lónìí, ó pẹ́ tán, láàárọ̀ ọ̀la. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró de àyẹ̀wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní omi ORS, ìyẹn omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí a fi ń dá omi ara padà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ báyìí. Nọ́ọ̀sì ni mí, ẹ̀ka àwọn ọmọdé ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ọmọ tí eyín wọn ń hù lóòótọ́, àmọ́ tí ohun mìíràn ń bá wọn jà. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé bí a bá ti pe orúkọ eyín, gbogbo ilé á fọkàn balẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò ka iye ìgbà tí ọmọ yàgbẹ́ mọ́, kò sẹ́ni tí yóò wò ó bóyá ó tọ̀, omi ara rẹ̀ á sì máa lọ níṣojú gbogbo wa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí eyín híhù máa ń ṣe, nítorí n kò fẹ́ kí ẹ rò pé mo ní kì í ni ọmọ lára rárá. Eyín àkọ́kọ́ sábà máa ń yọ ní nǹkan bí oṣù 6, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti àwọn ọmọ kan máa ń yọ ní oṣù 4, ti àwọn mìíràn kì í sì í yọ títí wọn yóò fi pé ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Méjì iwájú ìsàlẹ̀ ló máa ń ṣíwájú, gẹ́gẹ́ bí ti ọmọ yín. Ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú kí eyín kọ̀ọ̀kan tó yọ àti ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹran ìdí eyín á wú díẹ̀, á sì pọ́n. Itọ́ á máa dà, awọ àgbọ̀n ọmọ lè sú nítorí itọ́ náà. Á máa ki ìka àti gbogbo ohun tó bá rí bọ ẹnu, á máa kanra, oorun rẹ̀ lè má já geere. Ara rẹ̀ lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ohun tí a fi ń wọn ìgbóná ara wò ó, kò ní tó 38°C. Àwọn oníṣègùn kan tó tẹ̀lé ọmọ lójoojúmọ́, tí wọ́n ń kọ ọjọ́ tí eyín yọ àti ohun tó ń ṣe ọmọ sílẹ̀, rí i pé ìgbẹ́ lè rọ̀ díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní àkókò náà. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ tó rọ̀ díẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ìgbẹ́ olómi ẹ̀ẹ̀mẹfà lóòjọ́. Ní tiwa lẹ́nu iṣẹ́, ìgbẹ́ olómi tó bá ti tó ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín wákàtí 24 ni a ń pè ní ìgbẹ́ gbuuru, àyàfi ọmọ tó ṣì ń mu ọmú nìkan, tí ìgbẹ́ rẹ̀ máa ń rọ̀ tó sì máa ń pọ̀ láìsí àìsàn kankan.

Kí ló wá dé tí ìgbẹ́ àti eyín fi ń bá ara wọn pàdé, tó fi jẹ́ pé ìyá ọkọ yín rí i lára gbogbo ọmọ ilé yín? Wọn kò purọ́. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n sọ. Ogún ni eyín ọmọdé, 20, láti nǹkan bí oṣù kẹfà títí ọmọ yóò fi sún mọ́ ọdún mẹ́ta ni wọ́n sì ń yọ wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan àti méjì-méjì. Ìyẹn ni pé fún bí ọdún méjì gbáko, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìgbà tí a ya ẹnu ọmọ tí a kò ní rí eyín kan tó fẹ́ yọ tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Àìsàn yòówù tó bá ṣe é láàárín àkókò náà, ibà ni o, ikọ́ ni o, ìgbẹ́ ni o, eyín kan á wà nítòsí tí a ó dì í rù. Bẹ́ẹ̀ ni oṣù kẹfà yìí gan-an ni ààbò tí ọmọ gbà lára ìyá rẹ̀ láti inú oyún máa ń dínkù, tí èyí tí ara tirẹ̀ fẹ́ máa ṣe kò sì tíì gbó. Oṣù kẹfà kan náà ni a ń gba ọmú nìkan kúrò lẹ́nu rẹ̀ tí a ń fi omi àti oúnjẹ kún un. Oṣù kẹfà sí ìkẹjọ ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó, tó ń rákòrò, tó ń ṣa ohun tó bá bọ́ sílẹ̀ jẹ. Eyín tó ń yún un lè mú kí ó ki nǹkan bọ ẹnu ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí náà bí a bá fẹ́ fi tipátipá wá ẹ̀bi fún eyín, ibi tí ẹ̀bi rẹ̀ mọ nìyẹn. Kòkòrò àìsàn tó gba ẹnu wọlé ló sábà máa ń fa irú ìgbẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wọ ilé ìdáná, nítorí ibẹ̀ ni mo ti sábà máa ń rí ìdí ọ̀rọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé ìgboro Òṣogbo, pàápàá àwọn àdúgbò àtijọ́ tó yí Ọjà Ọba ká, kànga àti ṣáláńgá kì í jìnnà síra wọn, nígbà òjò sì ni ìdọ̀tí máa ń ṣàn wọ kànga jù. Omi kànga yìí ni ọ̀pọ̀ ìyá fi ń pààrọ̀ omi orí ògì nínú ike. Láàárọ̀ a ó po ẹ̀kọ gbígbóná, ìyẹn dára, nítorí iná á pa kòkòrò. Ṣùgbọ́n a ó rọ ọ́ sínú ìgò oní-rọ́bà tí ọmọ ń fà mu, a ó gbé e lọ sí ọjà Igbọ́nà, ọmọ á mu díẹ̀ láàárọ̀, á tún fa èyí tó kù lọ́sàn-án nígbà tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí kòkòrò tuntun sì ti pọ̀ sínú rẹ̀. Rọ́bà ẹnu ìgò yẹn ni mo máa ń ní kí àwọn ìyá kọ́kọ́ fi hàn mí. Bí a bá fi ìka yí inú rẹ̀ síta, a ó rí i pé ẹ̀kọ àti wàrà tó ti gbẹ ti lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, ó ń yọ̀, ó sì ń rùn díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìyá náà ń fi omi gbígbóná ṣàn án lójoojúmọ́. Ife àti ṣíbí rọrùn láti fọ̀ jù ú lọ fíìfíì. Ohun mìíràn tún wà tí a kì í kà sí: ọ̀pọ̀ wa gbà pé ìgbẹ́ ọmọ ọwọ́ kò léwu, nítorí náà a ó nu ìdí ọmọ, a ó fi omi lásán ṣan ọwọ́, a ó sì padà sídìí oúnjẹ. Ìgbẹ́ ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru kún fún kòkòrò ju ti àgbàlagbà lọ nígbà mìíràn. Ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ ọwọ́, nígbà gbogbo.

Ní ti omi Ọ̀ṣun, n kò ní fi ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni ṣeré. Mo mọ ohun tí omi náà jẹ́ fún àwọn ìyá ìlú yìí. Ṣùgbọ́n odò náà kò rí bó ṣe rí nígbà ayé àwọn ìyá wa. Wúrà tí wọ́n ń wà lápá Iléṣà ti da omi rẹ̀ rú, àwọ̀ rẹ̀ ti di ti ẹrẹ̀, ní ọdún 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ sì kìlọ̀ fún àwọn tó ń lọ síbi ọdún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má mu ún. Bí ẹ bá se omi, ẹ ó pa kòkòrò inú rẹ̀, ṣùgbọ́n sísè kì í yọ òjé àti májèlé irin mìíràn kúrò nínú omi. Bí Màmá bá fẹ́ fi ṣe àdúrà fún ọmọ, kí wọ́n ṣe é. Kí omi náà má ṣáà dé ẹnu rẹ̀.

Ìyá ọkọ yín tún sọ pé a kì í dá ìgbẹ́ eyín dúró. Bí a bá yọ eyín kúrò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà tọ̀nà dé ìdajì, ẹ sì lè sọ fún wọn pé nọ́ọ̀sì gbà pẹ̀lú wọn. Òògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró kò yẹ ọmọ ọwọ́ rárá. Ó lè mú ìfun rẹ̀ dákẹ́ kí ikùn rẹ̀ sì wú, nígbà tí kòkòrò àti omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má dá ìgbẹ́ dúró kò túmọ̀ sí kí a má dá omi tó ń bá a lọ padà. Omi àti iyọ̀ tó ń bá ìgbẹ́ jáde ló ń pa ọmọ, kì í ṣe ìgbẹ́ náà. Ìkòkò kékeré tó ń jò ni ara ọmọ oṣù méje lásìkò yìí. Bí a kò bá tíì lè dí ibi tó ti ń jò, à á máa bu omi sí i kó má baà gbẹ. Àwọn ìyá kan tilẹ̀ máa ń dín omi àti ọmú kù nítorí wọ́n rí i pé bí ọmọ bá ti mu nǹkan ló ń yàgbẹ́. Lóòótọ́ ni ìfun máa ń mira bí ohun kan bá wọ inú ikùn, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ nínú omi náà ń dúró lára ọmọ. Ẹ má dín in kù.

Ẹ̀rù kan tún wà tí mo máa ń bá pàdé púpọ̀, bí ẹ kò tilẹ̀ kọ ọ́ sínú lẹ́tà yín: wọ́n ní ORS dùn, ohun dídùn sì ń fa jẹ̀díjẹ̀dí. Mo mọ ibi tí ẹ̀rù yìí ti wá, nítorí òótọ́ ni pé mínírà àti omi èso inú páálí máa ń mú kí ìgbẹ́ gbuuru pọ̀ sí i. Ṣúgà wọn pọ̀ jù, á máa fa omi láti ara ọmọ wá sínú ìfun. Ṣúgà inú ORS kò tó bẹ́ẹ̀. Gíráàmù 13.5 ni ó wà nínú lítà omi kan, iyọ̀ gíráàmù 2.6 sì wà pẹ̀lú rẹ̀, ìdí sì wà tí wọ́n fi wọ̀n wọ́n papọ̀ bẹ́ẹ̀. Lára ògiri ìfun, ọ̀nà kan wà tí iyọ̀ àti ṣúgà jọ máa ń gbà wọ ara, omi a sì tẹ̀lé wọn. Ọ̀nà yìí kì í sábà dí, kódà bí ìgbẹ́ gbuuru náà bá pọ̀ gan-an. Bí a bá fún ọmọ ní omi lásán, iyọ̀ tó ti pàdánù kò padà. Bí a bá fún un ní iyọ̀ láìsí ṣúgà, kò ní rí ẹni bá a wọlé. Nítorí náà ṣúgà ibẹ̀ kì í ṣe fún adùn.

Bí ẹ ó ṣe pò ó nìyí. Ẹ kọ́kọ́ ka ẹ̀yìn àpò ORS náà, nítorí ti lítà kan ló wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n òmíràn wà tó jẹ́ ti ìdajì lítà. Omi inú ọ̀rá tí a ń rà lójú pópó sábà máa ń jẹ́ 50cl, méjì rẹ̀ ló di lítà kan. Ẹ wo ara ọ̀rá náà kí ẹ rí i dájú. Ẹ da gbogbo ẹ̀tù inú àpò náà sínú omi tó yẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ má ṣe máa bu ẹ̀tù díẹ̀díẹ̀ sínú ife, nítorí bó bá ki jù, iyọ̀ rẹ̀ lè ṣe ọmọ ní ìjàǹbá, bó bá sì ṣàn jù, kò ní ṣiṣẹ́. Bó bá ti pé wákàtí 24, ẹ da ìyókù nù, kí ẹ pò tuntun. Bí ẹ kò bá rí ORS rà lóru, ẹ fi ṣíbí tíì 6 ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, tí ẹ fi nǹkan gé orí wọn dọ́gba, sínú lítà omi mímọ́ kan. Ẹ tọ́ ọ wò, kò gbọ́dọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ fún un tó ṣíbí tíì 10 sí 20. Ẹ má fi ìgò fún un, ẹ má sì rọ ọ́ lọ́fun. Ṣíbí kan, kí ẹ dúró díẹ̀, ṣíbí mìíràn. Bó bá bì, ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó máa ń sú ènìyàn, pàápàá lóru, ibí yìí gan-an sì ni ọkọ yín àti Màmá ti lè gba ṣíbí lọ́wọ́ yín.

Ìyá àgbà kan gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá bá wa nígbà kan, ó sì fi ìka ya ètè ọmọ náà láti fi eyín rẹ̀ hàn mí. Lóòótọ́, eyín wà níbẹ̀, ó funfun bíńtín ní ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu tó yà sílẹ̀ náà gbẹ táútáú. Mo fi ìka méjì fa awọ ikùn ọmọ náà sókè ní ẹ̀gbẹ́ ìdodo, mo jọ̀wọ́ rẹ̀, awọ náà sì dúró bẹ́ẹ̀ kó tó rọra padà sílẹ̀, nígbà tó yẹ kó padà lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí a gbé ṣíbí ORS sún mọ́ ọn, ọwọ́ méjèèjì ló fi dì í mú, ó ń sunkún bí a bá fà á kúrò láti bu òmíràn. Ìyá àgbà náà ní òun rò pé ebi ni. Òǹgbẹ ni. Ẹ̀yin náà lè fa awọ ikùn ọmọ yín wò bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Bí kò bá padà lójú ẹsẹ̀, tàbí bó bá ń fi irú ìwọra yẹn mu omi, ọsibítù ló kàn.

Síǹkì ni òògùn kejì tí ó yẹ kí ẹ béèrè, ọ̀pọ̀ ìyá kò sì mọ̀ ọ́n. Fún ọmọ tó ti pé oṣù mẹ́fà, mílígíráàmù 20 ni lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, mílígíráàmù 10. Ẹ ó yọ́ ọ nínú ọmú tí ẹ fún sínú ṣíbí. Ó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ tètè lọ, ó sì ń dín èyí tó lè tún wá kù ní oṣù méjì sí mẹ́ta tó tẹ̀lé e, nítorí náà ẹ má dá a dúró nígbà tí ìgbẹ́ bá ti dá. Ọmú, ẹ máa fún un nígbàkúgbà tó bá fẹ́, kí ó tilẹ̀ pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Oúnjẹ, ẹ má gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀kọ lásán tó ṣàn kò ní okun. Ẹ fi ẹ̀wà sóyà lílọ̀, edé lílọ̀, ẹyin tàbí epo díẹ̀ sí i, kí ẹ sì fi oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan kún ti òòjọ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí ara rẹ̀ bá ti yá.

Ara gbígbóná ni mo fi kẹ́yìn, nítorí òun ni mo fẹ́ kí ẹ torí rẹ̀ dé ibùdó ìlera. Bí ara ọmọ bá gbóná ní Òṣogbo, ibà ẹ̀fọn ni a kọ́kọ́ ń fura sí, pàápàá lásìkò òjò, ibà fúnra rẹ̀ sì lè mú ọmọ yàgbẹ́ kó sì bì. Wọn yóò gún ọmọ lábẹ́rẹ́ bíńtín láti gba ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan, èsì kì í sì í pẹ́ jáde. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kàn ra òògùn ibà fún un láìṣe àyẹ̀wò, nítorí bí èsì bá ní kì í ṣe ibà, dókítà yóò wá ohun mìíràn tó ń mú ara rẹ̀ gbóná: etí tó ń dùn ún, àyà, tàbí kòkòrò nínú ọ̀nà ìtọ̀, èyí tó máa ń ṣe àwọn ọmọbìnrin púpọ̀ tó sì máa ń fara pamọ́ sábẹ́ orúkọ eyín fún ìgbà pípẹ́. Títí dìgbà náà, parasítámọ̀lù lè rọ ara rẹ̀. Ìwọ̀n ọmọ la fi ń mọ iye rẹ̀, mílígíráàmù 10 sí 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Ọmọ kílò 8 kò gbọ́dọ̀ gbà ju mílígíráàmù 120 lọ lẹ́ẹ̀kan, kí wákàtí mẹ́fà sì wà láàárín. Ẹ ka ara ìgò, nítorí èyí tí a ń kán sí ọmọ lẹ́nu ki ju èyí tí a ń fi ṣíbí wọ̀n lọ. Bí gìrì bá gbé e, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má ki nǹkan kan sí i lẹ́nu, ẹ gbé e sáré lọ sí ọsibítù. Ìtọ̀ màlúù tí wọ́n pò mọ́ ewé tábà, èyí tí àwọn kan fi ń tọ́jú gìrì, lè dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ kù débi tí kò ní lè jí mọ́, ìyẹn gan-an ló sì ń gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ọmọ tí gìrì kò bá pa.

Òògùn eyín tí oníkẹ́míìsì fẹ́ tà fún yín, mo ní kí ẹ fi sílẹ̀. Ní ìparí ọdún 2008, òògùn eyín kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ọmọ ọwọ́ ní Nàìjíríà. Diethylene glycol, májèlé tí kò yẹ kó sún mọ́ ẹnu ènìyàn, ló wọ inú rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ń bì, lẹ́yìn náà ni wọn kò lè tọ̀ mọ́, kíndìnrín wọn sì daṣẹ́ sílẹ̀. Ó lé ní 80 ọmọ tó kú kí àjọ NAFDAC tó kó o kúrò lọ́jà tán. N kò sọ pé gbogbo èyí tó wà lórí àtẹ lónìí ló ní májèlé. Ohun tí mo ń sọ ni pé eyín híhù kì í ṣe àìsàn tó nílò òògùn, pé òmíràn nínú wọn ní parasítámọ̀lù nínú, tí ìyá tún lè máa fún ọmọ ní parasítámọ̀lù lọ́tọ̀ láìmọ̀, àti pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń dá omi padà sára ọmọ. Òògùn tí a ń fi ra ẹran ìdí eyín kí ibẹ̀ má baà máa dun ọmọ náà kò yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì. Bí eyín bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, ẹ fọ ọwọ́ yín, kí ẹ fi ìka ra ibẹ̀ jẹ́jẹ́, tàbí kí ẹ fún un ní aṣọ mímọ́ tí ẹ rì sínú omi tútù tó mọ́ kó máa jẹ ẹ́ lẹ́nu. Bákan náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já Flagyl tàbí òògùn apakòkòrò mìíràn fún yín. Ọ̀pọ̀ ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé ni wọn kò ràn, àyàfi bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ tàbí tí dókítà bá rí ìdí mìíràn.

Àgbo ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tó nira láàárín ìyàwó àti ìyá ọkọ ni, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe pé ẹ lè kàn dìde kí ẹ ní ẹ kò gbà. Ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ohun yòówù tí a bá fún ọmọ ní ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún ni yóò gba ìyìn. Nítorí náà bí Màmá bá sọ pé àgbo ló wo àwọn ọmọ wọn sàn, irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa. Àwọn tí kò yè nínú ilé mìíràn ni kò sí ẹni tó ń ka iye wọn. Mímu rẹ̀ ni mo lòdì sí fún ọmọ yìí, nítorí a kò mọ ìwọ̀n ohun tó wà nínú rẹ̀, ó sì ń gba àyè ọmú àti ORS nínú ikùn kékeré. Bí wọ́n bá fẹ́ fi wẹ̀ ẹ́, n kò rí ohun tó burú níbẹ̀, bí kò bá ti gbóná jù tí omi rẹ̀ sì mọ́. Bí ẹ bá ṣe ń lọ síbi àyẹ̀wò, ẹ pe Màmá kí ẹ jọ lọ. Mo ti rí i pé ohun tí ìyá àgbà bá gbọ́ lẹ́nu nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, kì í fa ìjà nílé.

Ó ní ibi tí agbára ìdáhùn orí ìwé mọ. Láti inú lẹ́tà yín, n kò lè mọ̀ bóyá ibà ni, tàbí kòkòrò inú oúnjẹ, tàbí méjèèjì, ẹni tó bá fọwọ́ kan ọmọ náà ló lè sọ ọ́. Ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé àdúgbò yín tó fún èyí tí ẹ ṣàpèjúwe; bí wọ́n bá rí ohun tó ju agbára wọn lọ, wọn yóò kọ̀wé fún yín sí ọsibítù ìjọba tó wà ní Asúbíaró tàbí sí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti UNIOSUN, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹ mú káàdì àjẹsára rẹ̀ dání, kí ẹ wò ó bóyá ó gba ti rotavirus ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Kòkòrò yẹn wà lára àwọn tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru tó le jù fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, láti oṣù kẹjọ ọdún 2022 ni àjẹsára rẹ̀ sì ti wà lára èyí tí ìjọba ń fún àwọn ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́ ní Nàìjíríà. Bó bá fò ó, ẹ béèrè ohun tó kù láti ṣe. Ẹ sọ iye ìgbà tó yàgbẹ́ láti àná, ìgbà tó tọ̀ gbẹ̀yìn, àti gbogbo ohun tó ti wọ ẹnu rẹ̀, títí kan omi Ọ̀ṣun. Kò sẹ́ni tí yóò bá yín wí. Bí ìgbẹ́ náà bá ṣì ń dà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, ẹ padà lọ. Ẹ sì ní kí wọ́n wọn ọmọ náà lórí òṣùwọ̀n, kí wọ́n kọ ọ́ sínú káàdì, nítorí ìwọ̀n yẹn ni wọn yóò fi mọ iye òògùn tó yẹ é, òun náà sì ni ẹ ó fi mọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ bóyá ara tó sọnù ti ń padà.